Àmì Ọwọ́ Ẹ̀gbọ́n Mi Lára Tiransísítọ̀

Ọmọ-ọmọ mi gbé fóònù rẹ̀ wá síwájú ẹ̀gbọ́n mi lọ́jọ́ kan, ó ní, "Màmá àgbà, ṣé ẹ mọ̀ pé tiransísítọ̀ tó wà nínú nǹkan yìí pọ̀ ju gbogbo èèyàn tó wà láyé lọ?" Ẹ̀gbọ́n mi gbà á, ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn, ó tiẹ̀ gbé e sétí wò. Ó wá bi í pé, "Ta ló rí àyè kùn wọ́n ní dúdú tán?" Ọmọ náà rẹ́rìn-ín, ó rò pé ọjọ́ ogbó ló ń bá màmá sọ̀rọ̀. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Nínú ilé yẹn, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi nìkan la mọ ohun tó ń bèèrè.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́, torí òun ò ní í sọ ọ́. Tẹ́ ẹ bá bi í léèrè iṣẹ́ tó ṣe nígbà tí ara ṣì le, á ní òun kàn bá àwọn kan jókòó nídìí tábìlì ni. Ìrẹ̀lẹ̀ burúkú yẹn máa ń bí mi nínú. Èèyàn tó wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń kọ́ òkúta ní ìṣirò, ó ní òun jókòó nídìí tábìlì.

Aránṣọ ni tẹ́lẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù obìnrin kan ló ti ń ránṣọ, kò sì sí aṣọ tó ń jáde níbẹ̀ tí orúkọ obìnrin náà kì í sí lọ́rùn rẹ̀. Ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi ló rán an, orúkọ ẹlòmíì ló ń bá a lọ sóde. Ó lọ́kọ, òun àti ọkọ rẹ̀ jọ kọ́lé. Ó ṣojú mi, òun ló pọnmi tí wọ́n fi po sìmẹ́ńtì. Nígbà tí ilé parí, orúkọ ọkọ ni wọ́n kọ sẹ́nu ọ̀nà. Kò sóhun tó burú níbẹ̀, àbí? Àfìgbà tí ọkọ kú, tí àwọn ẹbí ọkọ dé, tí wọ́n ka ohun tó wà lẹ́nu ọ̀nà, tí wọ́n sì ní kó máa lọ. Àpótí kan péré ló gbé dé yàrá mi. Kò ṣẹ́ ẹnikẹ́ni lépè. Èmi ni mo bá a ṣẹ́ ẹ, mo sì ṣẹ́ ẹ kúnná.

Ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn mi, ó ní, "Gbogbo ohun tí mo ti ṣe láyé yìí, kò sí èyí tí èèyàn lè gbé wò kó ní èmi ni mo ṣe é." Mo ní kó jẹun.

Kò pẹ́ sígbà náà la gbọ́ pé ilé ìwádìí kan nígboro ń wá obìnrin tí ojú rẹ̀ ríran dáadáa, tí ọwọ́ rẹ̀ kì í gbọ̀n. Àwa méjèèjì lọ. Ọkùnrin tó pàdé wa níbẹ̀ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní fọ́nrán irun kan àti ẹ̀mú tẹ́ẹ́rẹ́, ó ní ká ta irun náà ní kókó. Àwọn kan rò pé ó ń fàwọn ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n bínú lọ. Ẹ̀gbọ́n mi ta tirẹ̀, ó tú u, ó tún un ta kí ọkùnrin náà tó yíjú padà. Ọ̀rọ̀ tèmi ò gùn, ó já lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n ṣáà gba àwa méjèèjì.

Ọkùnrin yẹn ni ọ̀gá wa. Ó ń lo gíláàsì ojú tó nípọn, ó máa ń rìn bí ẹni tí kò fẹ́ jí ọmọdé, tó bá sì ti dúró sẹ́yìn èèyàn, gbólóhùn kan ló mọ̀: "Ẹ tún un ṣe." La bá sọ ọ́ ní Ọ̀gá Tún-un-ṣe. Òun náà mọ̀, kò sì bá wa jà. Ẹ̀gbọ́n mi ní tiẹ̀, Ọwọ́-ò-gbọ̀n ni wọ́n ń pè é. Ẹ má bi mí léèrè orúkọ tí wọ́n sọ èmi.

Yàrá tá a ti ń ṣiṣẹ́ gùn, ó sì mọ́ débi pé ẹ̀rù ń bà mí láti sín níbẹ̀. Tábìlì wà létí ògiri ní tẹ̀léǹtẹ̀lé, awò tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá sì wà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Aṣọ la fi ń wé irun, òmíràn la fi ń bo ẹnu, pẹ̀lú bí ẹnu tèmi kì í ṣe é dákẹ́. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ kun pàúdà, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fi ìpara para. Eruku ọ̀hún tó wà lójú rẹ tí o ò rí, ó tó láti ba iṣẹ́ ọjọ́ kan jẹ́.

Tiransísítọ̀ là ń ṣe. Nígbà yẹn, kò tíì sí ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe délẹ̀délẹ̀, wọ́n ṣì ń dán an wò ni. Òkúta kan wà tó ń dán bíi fàdákà, jamáníọ́mù lorúkọ rẹ̀. Wọ́n á gé e títí á fi fẹ́lẹ́ ju èékánná ọmọ ọwọ́ lọ. A ó fi ẹ̀mú gbé hóró irin rírọ̀ kan lé iwájú rẹ̀, òmíràn lé ẹ̀yìn, a ó sì yọ́ ọ kó lè wọra. A ó wá jó wáyà mẹ́ta mọ́ ọn lára, àwọn yẹn ni ẹsẹ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn náà a ó kì í bọnú ìgò kékeré tí kò tóbi ju hóró àgbàdo lọ, a ó dí ìgò náà, a ó sì fi ọ̀dà dúdú kùn ún látòkè délẹ̀. Ọ̀dà kíkùn yìí ni wọ́n fi lé ẹ̀gbọ́n mi lọ́wọ́ nígbà tó yá, torí kò gbọdọ̀ nípọn, kò sì gbọdọ̀ fojú sílẹ̀ níbì kankan.

Tá a bá sì ti ṣe gbogbo èyí tán, ó lè kọ̀ kó má ṣiṣẹ́. Ọ̀pọ̀ ló ń kú mọ́ wa lọ́wọ́. Tí òjò bá rọ̀, wọ́n á kú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo bi Ọ̀gá Tún-un-ṣe lọ́jọ́ kan pé kí ló dé tí èèyàn á ṣe méjì bákan náà, láti ara òkúta kan náà, tí ọ̀kan á yè, tí èkejì á kú. Mo rò pé ó máa fi ìwé tó kà bò mí mọ́lẹ̀. Ó ní, "Àwa náà ò tíì mọ̀." Ara mi bù máṣọ. Àwọn tó ti kàwé títí tí ojú fi ń dùn wọ́n, àwọn náà dúró síwájú hóró òkúta yìí bíi tèmi, ẹnu yà wọ́n.

Ó mú wa lọ wo ẹ̀rọ ìṣirò tí wọ́n ti ń lò tẹ́lẹ̀. Gbọ̀ngàn kan gbáko ló gbà. Gílóòbù ló kún inú rẹ̀ bámúbámú, gbogbo wọn ń tàn, ooru wọn ń jó wa lójú. Tí gílóòbù kan bá ti jó báyìí, ìṣirò ti dojú rú, àwọn ọkùnrin tó ń tọ́jú rẹ̀ á sì máa sáré kiri bí ẹni tí ewúrẹ́ rẹ̀ sọnù. Ọ̀gá ní, "Gbogbo gílóòbù yìí, ohun kan ṣoṣo ni wọ́n mọ̀ ọ́n sọ: bẹ́ẹ̀ ni, tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Tí iná bá kọjá, bẹ́ẹ̀ ni. Tí kò bá kọjá, bẹ́ẹ̀ kọ́. Téèyàn bá to bẹ́ẹ̀ ni àti bẹ́ẹ̀ kọ́ jọ dáadáa, ó di ìṣirò."

Ó wá mú ọ̀kan nínú iṣẹ́ ọwọ́ wa látinú àpò rẹ̀, ó gbé e sí àtẹ́lẹwọ́. "Èyí náà mọ̀ ọ́n sọ. Iná táṣẹ́rẹ́ tó ń gba ẹsẹ̀ àárín ló ń ṣe adènà. Òun ló ń pinnu bóyá iná ńlá á kọjá láti ẹsẹ̀ kan sí èkejì. Kì í gbóná, kì í sì í jó bíi gílóòbù." Kékeré labẹ́rẹ́, kì í ṣe mímì fádìẹ. Mo wo hóró dúdú yẹn, mo wo gbọ̀ngàn, orí mi wú.

Ẹ̀gbọ́n mi bi í pé, "Ọ̀gá, ta ló wà nínú rẹ̀ tó ń ṣe adènà yẹn?"

"Kò sẹ́nì kankan, ìyáàfin. Òkúta náà fúnra rẹ̀ ni."

A délé lálẹ́ ọjọ́ náà. Bí ẹ̀gbọ́n mi ṣe ń bọ́ bàtà, ó ní, "Òkúta gbọ́ ọ̀rọ̀. Ọwọ́ mi ló wà lára rẹ̀." Mo bojú wò ó. Mi ò rí irú ojú yẹn lára rẹ̀ rí láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú.

Ibẹ̀ ni nǹkan ti bẹ̀rẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, mo rí i tó ti kun ọ̀kan tán, tí ọ̀dà ti gbẹ, tó wá mú abẹ́rẹ́ tó fẹ́lẹ́ jù lọ nínú èyí tó fi ń ránṣọ, tó fi ojú sínú awò, tó sì fa ìlà kékeré kan sára rẹ̀. Ìlà náà tẹ̀ kọ́rọ́ bí irun ìpéǹpéjú. Láìsí awò, ojú lásán ò lè rí i. Ó gbé e kalẹ̀, ó mú òmíì, ó fa tiẹ̀ náà.

"Kí lèyí?" ni mo bi í.

"Èmi ni."

"Ìwọ báwo?"

"Èmi ni mo ṣe é. Lọ́jọ́ kan, ẹnì kan á fi awò wò ó, á ní, hẹn, èèyàn kan ló ṣe èyí."

Mo ní orí rẹ̀ ti dàrú. Ṣùgbọ́n mi ò fẹjọ́ rẹ̀ sùn. Èmi tí mo ti rí orúkọ tó wà lẹ́nu ọ̀nà ilé yẹn, ẹnu wo ni mo fẹ́ fi bá a wí?

Nígbà tí tiransísítọ̀ wa tó nǹkan, Ọ̀gá àti àwọn èèyàn rẹ̀ fi kọ́ ẹ̀rọ ìṣirò tuntun. Kò ju kọ́bọ́ọ̀dù tí wọ́n ń kó aṣọ sí lọ. Yàrá ẹ̀yìn kan tí kò ní fèrèsé ni wọ́n ti kọ́ ọ, ó sì ń ṣírò níbẹ̀ bí ọmọ tó mọ̀wé. Olùdarí ilé ìwádìí wá ní àlejò pàtàkì ń bọ̀, àwọn ló máa sọ bóyá iṣẹ́ náà á máa lọ tàbí kó dúró. Ó ní kí wọ́n gbé e lọ sí yàrá iwájú tó lẹ́wà, tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ibi tí oòrùn ti ń yọ. Ó tún ní kí wọ́n ṣí ìdérí rẹ̀ kalẹ̀ kí àlejò lè rí inú rẹ̀.

Bí wọ́n ṣe gbé e débẹ̀ ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣìṣe. Láràárọ̀, tí wọ́n bá bi í ní ìṣirò tí ọmọ iléèwé lè fi ìka ṣe, á tẹ ìranù jáde sórí pépà. Tó bá di ọ̀sán, ara rẹ̀ á yá. Wọ́n pààrọ̀ wáyà. Wọ́n gbé fáànù síwájú rẹ̀, bóyá ooru ni. Wọ́n yẹ iná wò títí. Olùdarí wá já wọ yàrá wa láìfi nǹkan bo ẹnu, ó ní, "Ọwọ́ yín ni. Iṣẹ́ yín ni kò dára. Tí ẹ̀rọ yìí bá ṣìṣe níṣojú àlejò, gílóòbù la máa padà sí. A ó ti yàrá yìí pa, kí kálukú máa lọ sílé rẹ̀." Ó jáde. Ẹ̀gbọ́n mi gbé ẹ̀mú rẹ̀ kalẹ̀ jẹ́jẹ́. Ilé ẹ̀gbọ́n mi dà tí wọ́n ní kó máa lọ?

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n ní kí èmi àti ẹ̀gbọ́n mi gbé tiransísítọ̀ tuntun lọ sí yàrá iwájú, bóyá tí wọ́n bá pààrọ̀ díẹ̀, nǹkan á gún. Oòrùn ti wọlé, ó tẹ́ sílẹ̀ káàkiri ibẹ̀. Olùdarí dúró, ó ká ọwọ́ gbera. Ọ̀gá Tún-un-ṣe jókòó síwájú ẹ̀rọ, irun orí rẹ̀ rí wúruwùru. Ó bi í ní ìṣirò kan. Ó ṣì í. Ó tún bi í. Ó tún ṣì í. Ẹ̀gbọ́n mi lọ gbé tírè ọwọ́ rẹ̀ sí ojú fèrèsé, ó sì dúró síbẹ̀, ó kọ ẹ̀yìn sóòrùn, ó ń wo ẹ̀rọ náà bí ẹní ń wo ọmọ tí ara rẹ̀ ò yá.

Ọ̀gá bi ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀kan sí i, ẹ̀rọ gbà á, ìdáhùn rẹ̀ pé. Ọ̀gá tún bi í, ó tún gbà á. Ọ̀gá gbórí sókè. Ẹ̀gbọ́n mi rò pé òun ló ń wò, pé òun dínà, ó sún sápá kan. Ẹ̀rọ ṣì í.

"Ìyáàfin, ẹ jọ̀ọ́, ẹ padà síbi tẹ́ ẹ dúró sí."

Ó padà. Ẹ̀rọ gbà á.

"Ẹ kúrò níbẹ̀."

Ó kúrò. Ẹ̀rọ ṣì í.

Olùdarí sún sẹ́yìn díẹ̀, ó ní, "Kí ló wà lára obìnrin yìí?" Mo fẹ́ sọ fún un pé ìyá tó bí i ló bí èmi náà, kó wá wò ó bóyá ó wà lára tèmi. Ẹ̀rù ni ò jẹ́ kí n sọ ọ́.

Ọ̀gá dìde, ó dúró síbi tí ẹ̀gbọ́n mi dúró sí, ó na ọwọ́ rẹ̀ sókè, ó sì ń sún òjìji ọwọ́ náà lórí ẹ̀rọ díẹ̀díẹ̀, láti ìlà dé ìlà. Ẹ̀rọ gbà, ẹ̀rọ kọ̀, ẹ̀rọ gbà. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "Wọ́n ń rí oòrùn," ló wí.

Ó ṣàlàyé fún wa. Òkúta yìí, tí ìmọ́lẹ̀ bá kàn án, á ṣílẹ̀kùn gẹ́gẹ́ bí ìgbà tí iná bá gba ẹsẹ̀ àárín wọlé. Ìdí tá a fi ń kùn ún ní dúdú nìyẹn. Ó ní, "Mo mọ̀ ọ́n, mo ti kà á. Mi ò kàn rò pé ìmọ́lẹ̀ rí ibì kankan gbà wọlé ni." Ó yọ ọ̀kan, ó fi awò wò ó. Ó yọ òmíì, ó yọ òmíì. "Ìlà kan wà lára gbogbo wọn. Ó rí bí irun ìpéǹpéjú."

Olùdarí ní, "Ṣé mi ò sọ bẹ́ẹ̀? Àwọn obìnrin wọ̀nyí ló ń fi ẹ̀mú họ ọ́. Kí gbogbo wọn máa lọ lónìí."

Èmi ni mo máa ń sọ fún gbogbo ayé pé ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Lọ́jọ́ yẹn, mo fi èékánná bẹ ẹ̀gbọ́n mi kó dákẹ́. Mo já a ní èékánná lápá débi pé àpá rẹ̀ pẹ́ kó tó lọ. Ó yọ ọwọ́ mi kúrò.

"Ìka tó bá ṣẹ̀ lọba ń gé," ló wí. "Ẹ má lé ẹnikẹ́ni. Èmi ni mo fi abẹ́rẹ́ fà á. Àmì mi ni."

"Àmì kí ni?" Olùdarí bi í.

"Pé èmi ni mo ṣe é, sà."

Ọ̀gá Tún-un-ṣe ṣì ń yí hóró dúdú yẹn po nínú oòrùn. Ó ní, "Ìlà tó fẹ́lẹ́ ju irun lọ. Oòrùn wá láti ojú ọ̀run, ó gba ibẹ̀ wọlé, ó bá òkúta sọ̀rọ̀, òkúta sì dá a lóhùn." Omi lé e lójú, kò sì nù ún. Ojú tì mí fún un, torí omi ti lé èmi náà lójú.

Mo ní, "Ẹ ṣáà ta kọ́tìnnì sí fèrèsé."

Olùdarí ní, "Ṣé a ó máa di kọ́tìnnì mọ́ ọn fún gbogbo ẹni tó bá rà á ni?" Ó yíjú sí ẹ̀gbọ́n mi. "Tó bá ṣìṣe lọ́jọ́ àlejò, ẹ̀yin lẹ máa kọ́kọ́ jáde."

Ọ̀gá wá síwájú ẹ̀gbọ́n mi. "Ẹ tún un ṣe, ìyáàfin. Gbogbo wọn."

Báyìí ni ẹ̀gbọ́n mi ṣe padà sídìí awò. Wọ́n ń tú tiransísítọ̀ látinú ẹ̀rọ, ó ń gbé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń wá àmì ara rẹ̀, ó ń fi ọ̀dà pa á rẹ́. Mo ní kí n bá a ṣe, ó ní rárá, òun lòun fà á. Inú ń bí mi sí Olùdarí, inú ń bí mi sí oòrùn, inú tún ń bí mi sí òun alára. Nígbà tó ku ọ̀kan, mo gbé aga mi sún mọ́ ọn.

"Fi èyí sílẹ̀," ni mo sọ fún un kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Kí wọ́n kì í bọ ìsàlẹ̀ pátápátá, oòrùn ò lè débẹ̀. Ta ló máa mọ̀?"

Ó tẹ ojú mọ́ awò. Ó wò ó pẹ́ débi pé mo rò pé ó ti gbà.

Ó ní, "Mi ò mọ ibi tí wọ́n máa gbé e lọ. Ibo ni oòrùn kì í dé?" Ó ki búrọ́ọ̀ṣì bọ ọ̀dà, ó sì kùn ún. Èmi ni mo sunkún, aṣọ tí mo fi bo ẹnu rin gbindin.

Lọ́jọ́ tí àlejò dé, ojú ọ̀run mọ́ kedere. Ọ̀gá Tún-un-ṣe fúnra rẹ̀ ṣí gbogbo fèrèsé gbayawu, ó sì ní kí èmi àti ẹ̀gbọ́n mi wá dúró sẹ́yìn níbẹ̀. Àwọn àlejò bi ẹ̀rọ ní ìṣirò, ó gbà á. Wọ́n bi í ní èyí tó le, èyí tí àwọn ọ̀mọ̀wé ti fi ọjọ́ púpọ̀ wá. Ó kùn díẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ jáde. Wọ́n fi wé tiwọn, wọ́n wojú ara wọn. Bàbá arúgbó kan nínú wọn ṣí fìlà rẹ̀ bí ẹni tó wọ ilé àdúrà. Ó bẹ̀rẹ̀, ó wo inú ẹ̀rọ, ó ní, "Ta ló ṣe àwọn nǹkan kéékèèké wọ̀nyí?"

"Àwọn obìnrin kan ni," Olùdarí wí. "Wọ́n wà ní yàrá ẹ̀yìn."

Mo la ẹnu kí n sọ ọ́ níṣojú gbogbo wọn, kí wọ́n lé mi tí wọ́n bá fẹ́ lé mi. Ẹ̀gbọ́n mi di ọrùn ọwọ́ mi mú. Kò wo Olùdarí, kò wo àlejò. Inú ẹ̀rọ ló ń wò, níbi tí ìtànṣán ti tẹ́ sórí àwọn hóró dúdú yẹn láti ìlà dé ìlà.

"Dákẹ́, kí o wò ó," ló wí sí mi létí. "Oòrùn wà lórí gbogbo wọn. Kò sí ìkankan tó rí i."